"Taifọ́ọ̀dù 1/160": ohun tí èsì Widal kò lè sọ

Ara gbóná, orí ń fọ́, a gba láàbù lọ. Èsì dé: "màléríà ++, taifọ́ọ̀dù 1/160." Ọ̀pọ̀ ló gbà pé nígbà tí láàbù ti kọ ọ́, ó parí. Kò tíì parí. Nọ́ńbà yẹn nìkan kò tó fi sọ pé taifọ́ọ̀dù ló ń ṣe ẹnikẹ́ni.

Widal, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó gbé nọ́ńbà yẹn jáde, kì í wá kòkòrò taifọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀. Ohun ìjà tí ara rọ láti fi bá kòkòrò náà jà ló ń wá nínú ẹ̀jẹ̀, bó sì ṣe rí nìyẹn láti 1896 tí dókítà Georges-Fernand Widal ti gbé e jáde ní Paris. 1/160 túmọ̀ sí pé ohun ìjà náà ṣì hàn nígbà tí wọ́n là ẹ̀jẹ̀ náà dé ìlọ́po 160: bí nọ́ńbà ìsàlẹ̀ bá ṣe tóbi tó ni ohun ìjà náà ṣe pọ̀ tó. Àìsàn lè ti lọ tipẹ́ kí ohun ìjà yìí ṣì wà lára. Abẹ́rẹ́ àjẹsára lè fà á, àwọn kòkòrò mìíràn nínú ẹbí Salmonella, tí ti taifọ́ọ̀dù jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, lè fà á, kódà màléríà lè fà á. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tí taifọ́ọ̀dù ń ṣe lóòótọ́ lè gba èsì "kò sí" ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, torí ara rẹ̀ kò tíì rọ ohun ìjà tó pọ̀ tó.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Ká ní ara 1,000 èèyàn gbóná, 50 péré ló sì ní taifọ́ọ̀dù. Ká tún ní àyẹ̀wò náà ń mú 70 nínú 100 tó ní in, tó sì ń fẹ̀sùn èké kan 20 nínú 100 tí kò ní in. Nínú 50 yẹn, yóò mú 35. Nínú 950 tó kù, yóò nàka sí 190. Àwọn tí wọ́n kọ taifọ́ọ̀dù fún di 225, 35 ló sì jẹ́ òótọ́: bíi 16 nínú 100.

Ẹ wá gbé àyẹ̀wò kan náà lọ bá 1,000 mìíràn tí ibà wọn ti kọjá ọjọ́ márùn-ún, tí wọn kò ní màléríà, tí inú ń run wọ́n. Ká ní ìdajì wọn ló ní taifọ́ọ̀dù. Òótọ́ 350, èké 100: bíi 78 nínú 100. Àyẹ̀wò ò yàtọ̀, ẹni tí a ṣe é fún ló yàtọ̀.

Ní 1980, Stephen Pauker àti Jerome Kassirer, dókítà méjì ní Amẹ́ríkà, fi ìlà méjì ṣàlàyé ìgbà tí àyẹ̀wò yẹ. Bí àìsàn kò bá fi bẹ́ẹ̀ ṣeé fura sí, a kì í ṣe àyẹ̀wò, a kì í fún un lóògùn. Bí ìfura bá lágbára gan-an, a ó tọ́jú rẹ̀ láì dúró. Àárín ìlà méjèèjì ni àyẹ̀wò ti wúlò, torí ibẹ̀ ni èsì ti lè yí ohun tí a fẹ́ ṣe padà.

Nítorí náà, màléríà ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò. RDT, àyẹ̀wò màléríà kíákíá tí wọ́n ń gún ìka fún, kì í ju 20 ìṣẹ́jú lọ. Bí ẹ bá ti lo oògùn màléríà láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan sẹ́yìn, ẹ sọ fún wọn, kí wọ́n fi maikirosíkóòpù wò ó, torí RDT lè ṣì fa ìlà tó ń sọ pé màléríà wà lẹ́yìn tí kòkòrò ti kú. Bí kò bá sí màléríà, tí ibà kò sì lọ, tí dókítà fura sí taifọ́ọ̀dù, blood culture (kí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀, kí wọ́n wò ó bóyá kòkòrò yóò hù nínú rẹ̀) ló yẹ, kí ẹ tó gbé oògùn apakòkòrò kankan mì. Fún àgbàlagbà, 8 sí 10 mílílítà ẹ̀jẹ̀ ni wọn yóò fà, torí kòkòrò náà kì í pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀. Bí ó bá kéré sí i, ó rọrùn láti ṣì í. Èsì lè gba ọjọ́ 2 sí 7, ó sì lè fo bíi 4 nínú 10 tó ní taifọ́ọ̀dù dá. Ìdí nìyí tí dókítà fi lè bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú aláìsàn tí ara rẹ̀ le gan-an ní kété tí wọ́n bá ti fa ẹ̀jẹ̀ tán.

Bó bá jẹ́ Widal nìkan ló wà, ẹ̀ẹ̀mejì ni kí wọ́n ṣe é, ọjọ́ 10 sí 14 láàárín. Kí nọ́ńbà fò ní ìlọ́po mẹ́rin, bíi 1/80 sí 1/320, ló ní ìtumọ̀.

Tí ara bá sì ti yá lẹ́yìn ìtọ́jú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má padà lọ ṣe Widal láti wò ó bóyá taifọ́ọ̀dù ti lọ. 1/160 yẹn lè ṣì wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ra oògùn kejì àti ẹ̀kẹta tí wọn kò nílò.