GPA: nọ́ńbà tí kì í jẹ́ kí òbí sùn

Ọ̀rẹ́ mi kan ní Houston pè mí lóru ọjọ́ Ẹtì kan. Ohùn rẹ̀ ti yí padà. Mo ti ń múra àtisọ pé "ẹ kú ara fẹ́ra kù" kó tó là á mọ́lẹ̀ pé èsì sáà àkọ́kọ́ ọmọ òun ló jáde: B mẹ́ta, C mẹ́ta, GPA 2.5. "Ojú tí yóò bá ni kalẹ́ kì í tàárọ̀ ṣepin," ló wí. "Yunifásítì wo ló máa gba ọmọ yìí báyìí?" Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni o. Kíláàsì kẹsàn-án ló wà, tí wọ́n ń pè ní freshman, ọdún àkọ́kọ́ nínú mẹ́rin tí wọ́n ń lò ní high school.

Mo bi í bóyá ó mọ bí wọ́n ṣe dé orí 2.5 yẹn. Ó dákẹ́.

GPA kì í ṣe awo. Ìpíndọ́gba máàkì ni. A jẹ́ 4, B jẹ́ 3, C jẹ́ 2, D jẹ́ 1, F jẹ́ òdo. Wọ́n á ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, wọ́n á fi iye sọ́bújẹ́ẹ̀tì pín in. Ti ọmọ ọ̀rẹ́ mi: B mẹ́ta jẹ́ 9, C mẹ́ta jẹ́ 6, ó di 15, ẹ pín in sọ́nà mẹ́fà, 2.5 lẹ máa bá níbẹ̀. Àwọn ilé-ìwé kan tún ń la àárín lẹ́tà kan sí èkejì, tí B+ á di 3.3, tí A- á di 3.7. Àwọn mìíràn kò yọ ara wọn lẹ́nu dé ibẹ̀.

Ohun tó ń da orí àwa tá a wá láti Nàìjíríà rú ni pé WAEC la mọ̀. Ta ló ń bi ọmọ nílé ohun tó gbà ní SS1? Ẹni tó fi SS1 gbá bọ́ọ̀lù, tó fi SS2 sùn ní kíláàsì, tó wá jókòó ti ìwé ní SS3, tó kó kírẹ́díìtì márùn-ún tó yẹ, tí JAMB rẹ̀ náà sì dáa, ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Amẹ́ríkà kò ní WAEC. SAT, ìdánwò àtiwọ yunifásítì, wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ yunifásítì kò sọ ọ́ di dandan, àwọn tó sì sọ ọ́ di dandan ṣì máa béèrè transcript, ìwé tí gbogbo máàkì ọmọ wà nínú rẹ̀ láti kíláàsì kẹsàn-án.

Ohun tó jọ ọ́ nílé ni CGPA yunifásítì. Ẹ rántí 100 level. Ẹ rántí ẹni tí fàájì ọdún yẹn gbà lọ́kàn, tó wá fi gbogbo ọdún tó kù sáré lé 3.50 kí ọwọ́ rẹ̀ lè tẹ 2:1. Ohun kan náà ni, àfi pé ọmọ tí kò tíì hu irùngbọ̀n ni wọ́n gbé e lé lórí.

Òwe ọ̀rẹ́ mi, ibi tí kò ti bá ọ̀rọ̀ yìí mu nìyí. Ìgbà tí ọmọ bá wọ kíláàsì kejìlá ló ń kọ̀wé wá àyè sí yunifásítì, sáà mẹ́fà, méjì-méjì lọ́dún, ló sì máa ń wà lórí transcript nígbà náà. Ká ní iye sọ́bújẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kò yí padà, tí ọmọ yìí bá gba 3.6 ní sáà márùn-ún tó kù, 3.42 ló máa bá a délé. Tó bá fi odindi kíláàsì kẹsàn-án jókòó sórí 2.5 kó tó ta jí, 3.23 ni. Tó bá wá di sáà kẹfà kó tó ta jí, tó sì gba A nínú gbogbo rẹ̀, 2.75 péré. Ojú tó ṣepin láàárọ̀, omi wà tí a lè fi bọ́ ọ. Kó má ṣáà di ọjọ́rọ̀.

Kì í ṣe ibi gbogbo ni wọ́n ti ń ka kíláàsì kẹsàn-án bákan náà. University of California máa ń fo máàkì ọdún yẹn tó bá ń ṣírò GPA. Ti kíláàsì kẹwàá àti ìkọkànlá ló ń lò. Síbẹ̀ ó ní kọ́ọ̀sì 15 tí ọmọ gbọ́dọ̀ gba C ó kéré tán nínú wọn, ti kẹsàn-án sì lè wà lára rẹ̀, nítorí náà D kò ṣeé fi pamọ́. Texas tí ọ̀rẹ́ mi wà tún ní tiẹ̀. Òfin kan tí wọ́n ṣe ní 1997 sọ pé ọmọ tó bá wà nínú ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún tó ṣíwájú kíláàsì rẹ̀, àwọn yunifásítì ìjọba ìpínlẹ̀ náà gbọ́dọ̀ gbà á. University of Texas tó wà ní Austin ti fún tirẹ̀ mọ́ra di márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún fún àwọn tó ń wọlé ní ìgbà ìwọ́wé 2026. GPA ni wọ́n sì fi ń to ipò yẹn. Ẹni tó bá fojú sí Austin, sáà àkọ́kọ́ á dùn ún ju ọmọ California lọ.

Ìyókù wàhálà, òde àríyá ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Ìyá kan á ní ọmọ òun gba 4.5, ìyá kejì tí ọmọ tirẹ̀ gba 3.9 á bẹ̀rẹ̀ sí í wolẹ̀. Báwo lèèyàn ṣe ń gba 4.5 nínú 4? Weighted ni wọ́n ń pe ìyẹn: ilé-ìwé bu ènì sí máàkì sọ́bújẹ́ẹ̀tì tó le. AP, ìyẹn kọ́ọ̀sì ìpele yunifásítì tí wọ́n ń ṣe ní high school, sábà máa ń gba ènì pọ́ìntì kan, honors tó le ju ti gbogbo ọmọ lọ sì ń gba ìdajì, B nínú AP á wá jẹ́ 4. Ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan ló ní òṣùwọ̀n tirẹ̀, bí kóńgò onígaàrí ọjà kan kò ṣe bá ti ọjà kejì mu. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ yunifásítì fi ń tún un ṣírò fúnra wọn, tí wọ́n sì ń wò ó bóyá òkè ni máàkì ọmọ ń lọ tàbí ìsàlẹ̀. Lójú tèmi, òbí tó ti ọmọ tí ìṣirò ń yọ lẹ́nu sínú AP nítorí ènì, ọjà ọ̀wọ́n ló rà.

Ọ̀rẹ́ mi ti ń wá tíṣà lẹ́sìnnì kiri. Mo ní kó kọ́kọ́ ṣí ojú ewé tí ilé-ìwé ti ń fi máàkì han òbí, kó ka ti ìṣirò sáà tó kọjá fún mi. Ó kà á: 92, 90, 91, òdo, 94, 95. "Missing" ni wọ́n kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ òdo náà. Mo ní kó rò ó pọ̀. 462. Ó pín in sọ́nà mẹ́fà: 77, C. Ó yọ òdo náà kúrò, ó fi márùn-ún pín in: 92.4, A.

Sáà yẹn ti kásẹ̀ nílẹ̀, kò sóhun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe sí i mọ́. Mo ní kó ṣí ti sáà tuntun. Òdo méjì ti wà níbẹ̀. Ó pariwo pe ọmọ, mo sì ń gbọ́ ọ lórí fóònù bó ṣe ń sọ pé òun ti ṣe méjèèjì, inú báàgì òun ni wọ́n wà, tíṣà sì ní àwọn lè mú un wá títí di ọjọ́ Ajé.