Ìjì àrá ní Ìlọrin àti gúúsù Kwara

Ìjì àrá ni òjò alágbára tí afẹ́fẹ́ líle, àrá àti mànàmáná ń bá rìn. Ní Ìlọrin, Ọ̀fà, Òmù-Àrán àti ilẹ̀ Ìgbómìnà, láti nǹkan bí oṣù Ẹrẹ́nà títí di oṣù Ọ̀wàrà ni ó wọ́pọ̀. Òjò Ìlọrin tó nǹkan bíi mìlímítà 1,200 lọ́dún.

Afẹ́fẹ́ méjì ló pín ọdún níbẹ̀. Ọ̀kan ń gbé omi bọ̀ láti Òkun Àtìláńtíìkì ní gúúsù-ìwọ̀ oòrùn. Èkejì, ọyẹ́, ń ti aṣálẹ̀ Sàhárà gbé eruku bọ̀. Òjò kì í sábà rọ̀ níbi tí wọ́n ti pàdé gan-an, nítorí afẹ́fẹ́ olómi fẹ́lẹ́ níbẹ̀. Gúúsù ibẹ̀, níbi tí ó ti nípọn, ni ìkùukùu ti ń rí àyè ga.

Ìjì ìlà oòrùn

Omi òjò ti gúúsù-ìwọ̀ oòrùn wá, ṣùgbọ́n ìlà oòrùn ni ìjì tó le jù ti ń bọ̀. Ohun tó fà á ni pé ní nǹkan bíi kìlómítà 3 sí 4 lókè, afẹ́fẹ́ mìíràn ń fẹ́ kíkankíkan láti ìlà oòrùn, òun ló ń darí ìjì náà. Afẹ́fẹ́ òkè yìí gbẹ. Bí òjò bá gba inú rẹ̀ kọjá, díẹ̀ nínú omi náà á gbẹ, afẹ́fẹ́ ọ̀hún á tutù, á wúwo, á já lulẹ̀, á sì gba abẹ́ afẹ́fẹ́ olómi tó wà níwájú, á gbé e sókè di ìkùukùu tuntun. Bẹ́ẹ̀ ni ìjì kan ṣe ń rin ọ̀pọ̀ kìlómítà láìkú.

Kí ó tó dé, ooru á mú, ewé kò ní mì, ìhà ìlà oòrùn á sì dúdú bí aró. Lójijì, afẹ́fẹ́ tútù á já wọlé, eruku á bo títì, páànù á máa lu igi àjà, ẹni tó sá èlùbọ́ á sáré kó o. Òjò ńlá kì í sábà pé wákàtí kan. Wínníwínní tó tẹ̀ lé e ló ń pẹ́. Nígbà mìíràn, yìnyín máa ń bá a bọ̀.

Oòrùn ọ̀sán ló ń gbé ìkùukùu ró, nítorí náà ìrọ̀lẹ́ ni àrá sábà máa ń sán. Ìjì tó bá ti ọ̀nà jíjìn wá, bí irú èyí tó bẹ̀rẹ̀ lórí òkè Jos, lè dé lóru tàbí ní ìdájí.

Ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin ìgbà òjò ni ìjì náà máa ń le jù. Ní oṣù Ògún, òjò àti àrá sábà máa ń dínkù, nítorí ibi ìpàdé afẹ́fẹ́ méjèèjì ti jìnnà sí àríwá.

Ìgbà ọyẹ́

Láti oṣù Bélú dé Èrèlé, àrá ṣọ̀wọ́n.