Ọ̀bẹ Yín Ò Ṣẹ̀, Àkọ̀ Tí Ẹ Fi Í Sí Ló Ṣẹ̀

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọkùnrin kan fi fọ́tò ọ̀bẹ ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Ó gbé ọ̀bẹ náà lé orí tábìlì, ó wá gbé ìgò mínírà kan tì í. Ó ní, "Bàbá, ẹ fi ìgò yẹn wọn gígùn ẹ̀, kí ẹ bá mi rán àkọ̀ sí i. Ọjọ́ Jímọ̀ ni mo fẹ́ lò ó." Mo ní kó mú ọ̀bẹ wá. Ó ní ṣé ó dá mi lójú pé mo mọ iṣẹ́ náà? Òun ni ẹnì kẹrin tó ṣe irú ẹ̀ sí mi láàárín oṣù kan, òun náà ló jẹ́ kí n jókòó kọ èyí.

N ò ní kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń gé awọ, tàbí bí wọ́n ṣe ń ki òwú bọ ojú abẹ́rẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ìyẹn, kó wá sí Ìṣọ̀nà níbí ní Ọ̀yọ́, kó wá lo ọdún mẹ́ta, kó máa gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀. Ohun tí ojú ẹni tó ń rajà kì í tó ni mo fẹ́ sọ, ìyẹn inú àkọ̀. Gbogbo ènìyàn ló ń wo ọnà tó wà lára rẹ̀. Ọnà ò gba ènìyàn lọ́wọ́ ọ̀bẹ.

Ẹ jẹ́ ká ti orí awọ bẹ̀rẹ̀. Oríṣi méjì ló pọ̀ lọ́jà. Ọ̀kan ni èyí tí wọ́n fi èso tàbí èèpo igi ṣe. Àwọn ará Kano àti Sokoto a máa gún èso igi tí Hausa ń pè ní bagaruwa, wọ́n á pò ó mọ́ omi, wọ́n á rẹ awọ sínú rẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fi eérú bọ́ irun ara rẹ̀ kúrò. Bí wọ́n bá fẹ́ kó pupa, ọkà bàbà pupa ni wọ́n ń fi kùn ún. Awọ ewúrẹ́ pupa yẹn ni ràkúnmí ń rù la aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá láyé àtijọ́ títí dé Mòrókò, tí àwọn Òyìnbó rà á lọ́hùn-ún, tí wọ́n sọ ọ́ ní awọ Mòrókò. Wọ́n ṣì ń pè é bẹ́ẹ̀ dòní lára àwọn ìwé olówó ńlá wọn. Ewúrẹ́ tiwa, orúkọ ẹlòmíràn.

Èkejì ni awọ kúróòmù. Ilé-iṣẹ́ ńlá ló ń ṣe é. Iyọ̀ kẹ́míkà ni wọ́n ń lò, ọjọ́ kan sí méjì sì ti tó, nígbà tí ti èso igi lè gba ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Òun ló pọ̀ jù nínú awọ tí ayé ń lò lónìí. N ò bú u. Ó rọ̀, omi kì í tètè bà á jẹ́, ó dára fún bàtà, fún báàgì, fún sófà. Kó ṣáà má dé ìdí ọ̀bẹ. Ẹ rẹ ẹ́ sómi, ẹ fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọ̀bẹ lára. Bó bá gbẹ tán, á tún rọ jọwọlọ bí aṣọ. Awọ èso igi ní tirẹ̀, bí ẹ bá fi omi tútù rẹ ẹ́, tí ẹ fi ọ̀rá wé ọ̀bẹ, tí ẹ tẹ awọ náà mọ́ ọn, tí ẹ fi í sí ibòji di ọjọ́ kejì, ó ti gba ìrísí ọ̀bẹ náà nìyẹn, á sì gan bí pákó. Omi tútù ni mo wí o. Ọmọ iṣẹ́ mi kan ń kánjú, ó ki í bọ omi tó ń hó. Awọ náà kákò, ó le bíi pọ̀nmọ́ ọlọ́sẹ̀ mẹ́ta.

Báwo lẹ ṣe máa dá wọn mọ̀? Ẹ má ṣáná sí awọ ní ṣọ́ọ̀bù mi. Ẹni tó bá ní kóun jó o wò yóò sanwó rẹ̀. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n ti gé e. Inú awọ èso igi máa ń pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí ilẹ̀ amọ̀. Inú kúróòmù a máa dà bí eérú tí wọ́n ta búlúù díẹ̀ sí, àyàfi tí wọ́n bá ti kùn ún dénú. Bí wọn ò bá sì tíì fi nǹkan dí ojú awọ, ẹ kán omi sí i. Ti èso igi á fà á mu kíá, ibẹ̀ á sì ṣókùnkùn.

Ìyá kan tó ń ta ẹran mú ọ̀bẹ wá bá mi lọ́dún tó kọjá. Àbàwọ́n dúdú ti bo irin ọ̀bẹ náà káàkiri. Ó sún mọ́ mi, ó sọ ohùn rẹ̀ kalẹ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ti ṣe nǹkan sí ọ̀bẹ yìí. Obìnrin yẹn, iwájú ìsọ̀ mi ló ń gbà kọjá lójoojúmọ́." Mo bi í pé ibo ni ọ̀bẹ ń sùn. Ó ní inú àkọ̀ ni, nígbà mìíràn pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ ẹran lára. Mo mú un lọ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, mo ṣí ìkòkò tí mo fi ń ṣe àwọ̀ dúdú hàn án. Ìṣó àtijọ́ àti àfọ́kù irin ló wà níbẹ̀ nínú omi kíkan. Mo kán omi náà sí awọ tí a ò tíì kùn. Kó tó pajú pẹ́ẹ́, ó ti dú. Ohun tó wà nínú èso igi, tó ń sọ awọ di awọ, bó bá pàdé irin, dúdú ni wọ́n ń bí. Àwa ń fi í ṣe ọnà. Ọ̀bẹ tiyín náà ń bá àkọ̀ bí tirẹ̀ sílé, láìsí ọwọ́ ayé ńbẹ̀, láìsí ọwọ́ obìnrin kankan. Ó wò mí títí, ó ní, "Ẹ ṣé o," ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ó ṣì gba ọ̀dọ̀ wòlíì lọ.

Ọkọ̀ tí ọ̀bẹ ń wọ̀ jáde ni àkọ̀, kì í ṣe yàrá tó ń sùn. Bí ẹ bá délé, ẹ yọ ọ́, ẹ nù ún kó gbẹ, ẹ fi òróró díẹ̀ pa á lára, ẹ gbé e sí ìta àkọ̀. Ti kúróòmù tún burú ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí iyọ̀ tó ṣẹ́ kù nínú rẹ̀ a máa fa ọ̀rinrin, ìpẹtà á sì máa jẹ ọ̀bẹ lábẹ́lẹ̀. Àwọn àgbà ní ọ̀bẹ ń wó ilé ara rẹ̀, ó ní òun ń ba àkọ̀ jẹ́. Ní ti àwọn oníbàárà mi, àkọ̀ ti ń gbẹ̀san.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ìṣẹ̀ṣe ni mò ń bú. Ó ti pẹ́ tí àwa àti wọn ti jọ ń bọ̀. Làbà Ṣàngó tí ẹ ń rí léjìká àwọn ẹlẹ́gùn, ta ló ń rán an? Tírà tí Ààfáà kọ, ońdè tí ọdẹ ń so mọ́ra, ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ń kó wọn wá kí a fi awọ bò wọ́n. Mò ń bò wọ́n, mò ń gbowó mi, n kì í béèrè ohun tó wà nínú wọn. Ẹni tí mò ń bá jà ni ẹni tó bá dúró níwájú mi tó ní, "Bàbá, ẹ má wulẹ̀ fi awọ àárín da ara yín láàmú, wọ́n ti sín gbẹ́rẹ́ okígbẹ́ fún mi, irin ò lè wọ̀ mí."

Ibi tí mò ń lọ gan-an rèé. Awọ mẹ́ta ló ń di àkọ̀: awọ iwájú, awọ ẹ̀yìn, àti ìlà awọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan láàárín wọn, ní ẹ̀gbẹ́ tí ẹnu ọ̀bẹ kọjú sí. Awọ àárín là ń pè é ní ṣọ́ọ̀bù wa. Bí àkọ̀ bá ti parí, kò sẹ́ni tó ń rí i mọ́, ìdí nìyẹn tí àwọn ayédèrú fi ń yọ ọ́ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ rò ó wò. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá ti ọ̀bẹ bọ àkọ̀, tí ẹ tún fà á yọ, kí ni ẹnu rẹ̀ ń bá pàdé? Bí kò bá sí awọ àárín, òwú ni. Òwú tí ẹ ní kí n fi rán an kó le dáadáa, ọ̀bẹ yín ń gé e díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́, ẹ ò sì ní mọ̀. Bí awọ àárín bá wà, awọ ni ọ̀bẹ ń bá jà, òwú fara pamọ́ sẹ́yìn rẹ̀. Ó kéré tán, kí awọ náà nípọn tó ẹ̀yìn ọ̀bẹ, kó sì fẹ̀ tó ìdajì íǹṣì. Níbi ṣóńṣó ọ̀bẹ, èmi a máa jẹ́ kó fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí bí ènìyàn bá ṣubú, ibẹ̀ ni gbogbo ìwúwo rẹ̀ máa bọ́ sí.

Rírán rẹ̀, abẹ́rẹ́ méjì ni, òwú kan, tí a fi ìda oyin ra. Abẹ́rẹ́ kan á gba iwájú wọlé, èkejì á gba ẹ̀yìn, inú ihò kan náà ni wọ́n ti ń pàdé. Bí òwú apá kan bá já lọ́jọ́ kan, ti apá kejì ṣì dì í mú. Ìrán ẹ̀rọ, bí ojú kan bá já, ó lè máa tú lọ ni. Àwọn tó wá ń fi gọ́ọ̀mù nìkan lẹ̀ ẹ́, tí wọ́n fi ẹ̀rọ sáré kọjá lórí rẹ̀ kó lè jọ pé wọ́n rán an, tí wọ́n ń tà á fún ọdẹ létí títì, ẹ jẹ́ kí n mẹ́nu kúrò níbẹ̀.

Ẹnu mi ò gbà kí n mẹ́nu kúrò. Ó ti lé lógún ọdún báyìí. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba fírídọ́ọ̀mù, àga méjì péré ló wà ní ṣọ́ọ̀bù mi. Ọdẹ kan wá láti apá Ìsẹ́yìn, ó fẹ́ àkọ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Mo ní kó fi ọ̀bẹ sílẹ̀ di ọ̀tunla. Ó ní ọkọ̀ ń dúró de òun, pé gbẹ́rẹ́ wà lára òun, kò sí irin tó lè wọ òun. Ó fowó lé owó. Mo rán an láìfi awọ àárín sí i. Mo ṣe ọnà sí iwájú rẹ̀, pupa àti dúdú, gbogbo ẹni tó rí i ló yìn ín.

Oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn náà, àbúrò rẹ̀ gbé àkọ̀ náà wá fún mi nínú ọ̀rá. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà lẹ́yìn ọ̀kadà, wọ́n já sí kòtò, ara rẹ̀ fò sókè, ó sì fi ẹ̀gbẹ́ balẹ̀. Ọ̀bẹ gba ojú ìrán jáde, ó wọ itan rẹ̀ lókè. Ọlọ́kadà yẹn gbọ́n ju èmi lọ. Kò jẹ́ kẹ́nikẹ́ni yọ ọ̀bẹ náà, ó ká aṣọ yí i ká, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí wọ́n fi rí mọ́tò gbé e dé ọsibítù. Dókítà ní bó bá fi ìbú ìka kan yà sí ẹ̀gbẹ́, iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá tó gba itan kọjá ni ì bá bá, kì bá sì tí dé ọ̀dọ̀ àwọn láàyè. Ó yè. Ó tiro fún bí ọdún kan.

Mo yẹ àkọ̀ náà wò. Ojú òwú mọ́kànlá ló ti já ní ẹ̀gbẹ́ ẹnu ọ̀bẹ, gbogbo wọn gé mọ́lẹ̀ bí ẹni fi abẹ gé e. Ọnà iwájú rẹ̀ ṣì ń dán. Àbúrò rẹ̀ ò bú mi. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun ní kí n tún un rán. Mo rán òmíràn fún un, n ò gba kọ́bọ̀. Àkọ̀ àkọ́kọ́ yẹn ṣì wà lórí ìṣó lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù mi. Ọmọ iṣẹ́ tó bá bi mí pé kí ló dé tí a ò tà á, màá ní kó lọ ka òwú ẹ̀.

Ti bẹ́líìtì ò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ẹ má sọ sáìsì ṣòkòtò fún mi, ọ̀tọ̀ ni ti bẹ́líìtì. Ẹ mú èyí tí ẹ ń lò, ẹ fi téèpù wọ̀n ọ́n láti ibi tí awọ ti ká mọ́ irin orí rẹ̀ títí dé ihò tí ẹ máa ń há a sí. Nọ́ńbà yẹn ni mo fẹ́. Ihò márùn-ún ni mo ń lù, íǹṣì kan síra wọn, tiyín á wà láàárín, kí àyè lè wà bí ẹ bá sanra tàbí bí ẹ bá gbààwẹ̀. Awọ màlúù kan ṣoṣo tó nípọn tó mìlímítà 3 sí 4 ti tó. Èyí tí wọ́n kọ "awọ gidi" sí lẹ́yìn, tó ń bó bí èèpo àlùbọ́sà lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ìgékù awọ tí wọ́n lọ̀ kúnná ló sábà máa ń jẹ́, tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù pò, tí wọ́n fi rọ́bà bò lójú. Ó jọ awọ bí ẹ̀bà ṣe jọ iyán. Ẹni tó bá sì sọ pé bẹ́líìtì awọ ejò ń wo ẹ̀yìn ríro sàn, ẹ ní kó fi ibi tí ẹ̀yìn ejò ti bẹ̀rẹ̀ hàn yín. Ẹ má sá awọ sóòrùn, ẹ má fi kẹrosíìnì nù ún. Epo pupa kẹ̀? Èkúté á bá yín jẹ ẹ́.

Wọ́n á ní ó wọ́n. Ó wọ́n lóòótọ́, ẹ ti jẹ ẹ́ tán ni. Awọ màlúù tó nípọn, tó yẹ kó di bẹ́líìtì, ìkòkò ọbẹ̀ ló ń lọ. Lọ́dún 2022, ilé-ẹ̀kọ́ ìmọ̀ awọ ti ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Zaria ní àwọn fẹ́ kí òfin fòpin sí pọ̀nmọ́ jíjẹ, gbogbo ìlú fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Èmi ò lè bá wọn ṣe yẹ̀yẹ́, n ò sì lè gbè sẹ́yìn òfin, nítorí kò sí bí wọ́n ṣe lè gbé ẹ̀fọ́ síwájú mi láìsí pọ̀nmọ́ nínú ẹ̀. Èyí tí mo lè fọwọ́ sọ̀yà lé lórí ni pé awọ tó bá ti wọ kẹ́míkà iṣẹ́ wa ti kúrò ní oúnjẹ. Bí ẹ bá rí pọ̀nmọ́ tó ń rùn bí ṣọ́ọ̀bù aláwọ, ẹ fi í sílẹ̀ fún ẹni tó ń tà á.

Ọkùnrin onífọ́tò tún kọ̀wé sí mi láàárọ̀ yìí. Ó ti gbé ìgò mínírà kúrò, ó ti fi rúlà dípò rẹ̀. Ó sàn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n rúlà tó fi lélẹ̀ yẹn ò lè sọ bí ẹ̀yìn ọ̀bẹ ṣe nípọn tó, ibẹ̀ ni mo sì ti ń wọn awọ àárín. Kó mú ọ̀bẹ wá.