Bí fóòtì àti áńpù ṣe ń sọ ìdènà àti agbára iná

Lára áyọ́ọ̀nù tí a fi ń lọ aṣọ, àwọn nọ́ńbà kéékèèké kan sábà máa ń wà níbẹ̀: 230V, 1150W, ìyẹn fóòtì 230 àti wọ́ọ̀tì 1,150. Ọ̀pọ̀ èèyàn kì í wò wọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Bẹ́ẹ̀, nọ́ńbà méjì péré ti tó láti mọ ìyókù: iye iná tí ó ń fà, bí ó ṣe ń dènà iná tó, àti bí wáyà tí yóò gbé e ṣe gbọ́dọ̀ nípọn tó.

Fóòtì ni ipá tó ń ti iná. Áńpù ni bí iná tó ń ṣàn gba inú wáyà ṣe pọ̀ tó. Ohun tó máa ń ru àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lójú ni pé àárín ojú méjì ni fóòtì máa ń wà, nígbà tí áńpù ń gba ojú kan kọjá. Nítorí náà, ẹni tó fẹ́ wọn fóòtì yóò kàn fi ẹnu mítà méjèèjì kan ọ̀tún àti òsì ohun tó ń wọ̀n, kò ní gé nǹkan kan. Ẹni tó fẹ́ wọn áńpù ní láti já ọ̀nà iná, kó sì fi mítà dí àlàfo náà kí iná lè gba inú rẹ̀ kọjá. Bí èèyàn bá gbàgbé mítà sórí áńpù, tó wá fi kan ẹnu iná méjèèjì, mítà ò ní ìdènà kan tó tó nǹkan lójú àyè yẹn. Iná á ya wọ inú rẹ̀ lójijì. Bí oríire bá wà, fíùsì inú mítà nìkan ni yóò jó.

Georg Simon Ohm, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, ló tẹ àlàyé ìdènà jáde ní ọdún 1827, orúkọ rẹ̀ la sì fi ń pe òṣùwọ̀n rẹ̀, óòmù. Fi áńpù pín fóòtì, óòmù ló máa bọ́ sílẹ̀. Bí áyọ́ọ̀nù yẹn bá ń fa áńpù 5 lórí fóòtì 230, ìdènà rẹ̀ jẹ́ óòmù 46. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ó ń gba fóòtì 46 kí áńpù kan ṣoṣo tó lè kọjá.

Agbára ní tirẹ̀, tí òṣùwọ̀n rẹ̀ ń jẹ́ wọ́ọ̀tì, ìsọdipúpọ̀ ni: fóòtì 230 lọ́nà áńpù 5 jẹ́ wọ́ọ̀tì 1,150. Ká wá ní iná rọ̀, tí fóòtì já sí 115. Óòmù 46 ṣì wà níbẹ̀, nítorí náà áńpù di 2.5. Wọ́ọ̀tì wá di 287.5. Fóòtì dín sí ìdajì, àmọ́ ooru dín sí ìdá kan nínú mẹ́rin, torí pé bí fóòtì ṣe ń lọ sílẹ̀ ló ń fa áńpù lọ́wọ́ lọ. Ìdí rèé tí áyọ́ọ̀nù fi máa ń pẹ́ gan-an kó tó gbóná nígbà tí iná bá rọ̀.

Ṣùgbọ́n ìdènà kì í dúró sójú kan nínú gbogbo nǹkan. Gílóòbù onítungsten (irin tó ń tàn nínú gílóòbù àtijọ́) tó jẹ́ wọ́ọ̀tì 60 ń fa nǹkan bí áńpù 0.26 lórí fóòtì 230, èyí tó túmọ̀ sí óòmù 880 ó lé díẹ̀. Fi mítà wọ̀n ọ́n nígbà tó tutù, ohun tí wàá rí kò ní tó ìdá kan nínú mẹ́wàá rẹ̀. Mítà ò purọ́. Ìdènà tungsten ń ga bó ṣe ń gbóná ni, ìdí sì nìyẹn tí gílóòbù bẹ́ẹ̀ fi sábà máa ń jó gẹ́lẹ́ tí a bá tàn án, nígbà tí iná púpọ̀ bá ya wọ wáyà tútù. Ti nichrome, irin tó ń gbóná nínú áyọ́ọ̀nù, kì í yí padà tó bẹ́ẹ̀.

Ibi tí ìṣirò yìí ti wúlò jù lọ ni wáyà, torí áńpù ni wáyà mọ̀. Iye ooru tó ń dà sínú wáyà jẹ́ áńpù lọ́nà ara rẹ̀, lọ́nà óòmù wáyà náà. Gílóòbù wọ́ọ̀tì 60 tó ń lo bátìrì fóòtì 12 ń fa áńpù 5, bíi ti áyọ́ọ̀nù gan-an. Bí wáyà rẹ̀ bá ní ìdajì óòmù péré, ó ń fi nǹkan bíi wọ́ọ̀tì 10 ṣòfò lójú ọ̀nà. Lórí fóòtì 230, níbi tí gílóòbù wọ́ọ̀tì 60 ti ń fa áńpù 0.26 péré, òfò ọ̀hún ò tó nǹkan rárá.

Ẹ wá wo púlọ́ọ̀gì tó ti dẹ̀ nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì, tí ojú ìpàdé rẹ̀ ti ní ìdènà óòmù 1. Àpapọ̀ rẹ̀ di 47, áńpù dín díẹ̀ sí 4.9. Wọ́ọ̀tì 24 ń dà sí ojú kan tí kò tó èékánná. Áyọ́ọ̀nù tí àwọn atúnrédíòṣe fi ń yọ́ òjé lè má jù bẹ́ẹ̀ lọ. Fíùsì ò ní já, torí iná tó ń gba inú rẹ̀ kọjá dín ni, kò pọ̀ sí i. Ẹni tó bá fọwọ́ kan púlọ́ọ̀gì, tó rí i pé ó gbóná, ló kọ́kọ́ máa mọ̀.