Dídín Oúnjẹ Tó Ń Ṣòfò Nínú Ilé Kù

Oúnjẹ tó ń ṣòfò nínú ilé ni gbogbo oúnjẹ tó yẹ kéèyàn jẹ àmọ́ tó bàjẹ́ sílẹ̀, tí wọ́n wá dà á nù, yálà wọ́n ti sè é àbí wọn ò tíì sè é. Ìròyìn tí UNEP, ẹ̀ka Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àyíká, gbé jáde ní 2024 sọ pé lọ́dún 2022 oúnjẹ tó ṣòfò láyé lé ní bílíọ̀nù 1 tọ́ọ̀nù, inú ilé àwọn èèyàn sì ni nǹkan bí ìdá 60 nínú 100 ẹ̀ ti wá, kì í ṣe ọjà tàbí búkà.

Nílẹ̀ Yorùbá, ọgbọ́n tó ti wà tipẹ́ ni kí wọ́n sọ oúnjẹ di nǹkan míì kó tó bàjẹ́. Ẹ̀gẹ́ tí wọ́n bá wú, láàárín ọjọ́ 2 sí 3 ló ti ń bàjẹ́ nínú, ìyẹn ni wọ́n ṣe ń tètè lọ̀ ọ́ kí wọ́n yan án ní gàrí, tàbí kí wọ́n rẹ ẹ́ fún fùfú àti láfún. Iṣu náà, wọ́n á bẹ ẹ́, wọ́n á bọ̀ ọ́ díẹ̀, wọ́n á sá a sóòrùn kó tó di èlùbọ́, èèpo ẹ̀ ńkọ́, ewúrẹ́ ti ń dúró dè é. Ògì tútù kì í tètè bàjẹ́ tí wọ́n bá ń pààrọ̀ omi ojú ẹ̀ lójoojúmọ́.

Èyí tó dùn jù níbẹ̀ ni dòdò Ìkirè, láti ìlú Ìkirè ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n jù, tó rọ̀ pẹ̀tẹ̀ tí èèpo ẹ̀ ti dúdú, tí oníbàárà ò ní wò lẹ́ẹ̀mejì lọ́jà, ni wọ́n ń gé wẹ́wẹ́, wọ́n á po ata àti iyọ̀ mọ́ ọn, wọ́n á dín in nínú epo pupa títí á fi dúdú, wọ́n á wá mọ ọ́n ṣùṣù. Àwọn tó ń gba ọ̀nà Ìbàdàn sí Ifẹ̀ mọ̀ ọ́n dáadáa.

Fíríìjì wà lóòótọ́, àmọ́ níbi tí iná kì í ti í dúró, fírísà tó kún fún ẹran lè di òfò ńlá lójijì, torí náà ríra ìwọ̀nba ló dáa jù. Tòmátò tó bá ti ń rọ̀, kí wọ́n lọ̀ ọ́ mọ́ tàtàṣé, kí wọ́n sè é títí omi ẹ̀ á fi gbẹ, kí wọ́n tó dín in. Ọbẹ̀ ata tí wọ́n bá ń gbé kaná kó hó dáadáa, tẹ́nì kankan ò tún ti ṣíbí tó ti kan ẹnu bọ̀ ọ́, ó máa ń pẹ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n ewédú ò ní sùúrù yẹn, kí wọ́n se ìwọ̀n tí wọ́n máa jẹ tán ni.

Gbígbóná ò sì yanjú gbogbo ẹ̀ o. Ìrẹsì jíjinná tó bá sùn síta mọ́jú lè ti ní Bacillus cereus, kòkòrò àìfojúrí kan, nínú, oró tí kòkòrò yẹn ń tú sílẹ̀ kì í kú sórí iná. Bákan náà ni ẹ̀pà àti àgbàdo tó ti bu, sísè ò lè mú májèlé inú ẹ̀ kúrò, kí wọ́n dà á nù ni.