Bọ́ọ̀dù lè dọ́gba, DSDT kì í dọ́gba

Láàárín àwọn tó ń fọwọ́ ara wọn to kọ̀ǹpútà láti gbé macOS lé e, ìgbàgbọ́ kan wà tó kọ̀ tí kò kú: bí bọ́ọ̀dù (motherboard) rẹ bá ti jọ ti ẹlòmíì, gba DSDT tó ti tún ṣe, ìyẹn fáìlì tó ń ṣàlàyé ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà fún OS (ètò bíi macOS tó ń darí ẹ̀rọ), jù ú sínú EFI rẹ, àpò fáìlì tí kọ̀ǹpútà fi ń dìde, ó parí. Ohun tí kò jẹ́ kó kú ni pé ó máa ń ṣiṣẹ́ nígbà míì. Kọ̀ǹpútà á tàn, ohùn á jáde. Ó di ọjọ́ tí onítọ̀hún bá fi RAM kún un kí ẹ̀rọ tó bẹ̀rẹ̀ sí í kú lójijì, kò sì ní rò ó kan fáìlì yẹn.

DSDT jẹ́ ọ̀kan lára àwọn tábìlì ACPI, ìlànà tí OS fi ń mọ ohun èlò inú kọ̀ǹpútà, tí Intel, Microsoft àti Toshiba gbé jáde ní 1996. Ohun tó wà lórí PCI tàbí USB lè dárúkọ ara rẹ̀ bí OS bá bi í. Ṣùgbọ́n aago inú bọ́ọ̀dù, ìdérí láptọ́ọ̀pù, bátìrì rẹ̀ àti embedded controller (EC, ṣíìpù kékeré tó ń bójú tó nǹkan bíi bátìrì àti kíbọ́ọ̀dù) kò lẹ́nu. Ẹní bá sì dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. DSDT ló ń gbẹnu wọn sọ̀rọ̀ fún OS. Nítorí náà, ẹ yé pè é ní driver, ètò tí OS fi ń darí ohun èlò kan.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyí. Ètò tí OS ń ṣe bó ṣe kà á ni DSDT, ó sì ní àwọn ìlà kan nínú tí wọ́n ń pè ní OperationRegion. Òmíràn nínú wọn ń sọ pé láti àdírẹ́ẹ̀sì báyìí nínú RAM ni BIOS (ètò inú bọ́ọ̀dù tó ń jí kọ̀ǹpútà) kó àwọn ìsètò rẹ̀ pa mọ́ sí. BIOS ló ń ṣírò àdírẹ́ẹ̀sì yẹn nígbà tí kọ̀ǹpútà bá ń dìde, lẹ́yìn tó ti mọ iye RAM tó wà. Pààrọ̀ RAM, sọ BIOS di tuntun, tan ohun kan nínú BIOS tàbí kí o pa á, nọ́ńbà náà lè yí. DSDT àyálò á wá máa darí macOS lọ síbi tó jẹ́ ti nǹkan mìíràn. Kíkà níbẹ̀ ṣì dára díẹ̀. Ó lè kọ nǹkan síbẹ̀ pẹ̀lú. Kódà, DSDT tìrẹ gan-an, tí o yọ lánàá, lè di àyálò lọ́jọ́ tí o bá sọ BIOS di tuntun.

Ìdí nìyẹn tí ọ̀nà tó dára fi jẹ́ kí o fi DSDT sílẹ̀ bí BIOS ṣe kọ ọ́, kí o wá fi SSDT kékeré, tábìlì àfikún, kún un. Lórí ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀dù Intel ọ̀wọ́ 300, aago tuntun tí wọ́n ń pè ní AWAC ni BIOS ń tàn, macOS ò sì mọ̀ ọ́n. SSDT ìlà díẹ̀ tó sọ STAS (nọ́ńbà inú DSDT tó ń yan aago) di 1 á dá aago RTC àtijọ́ padà. Sọ ọ́ kó jẹ́ pé Darwin, ìyẹn macOS, nìkan ló máa rí i, torí gbogbo OS tí OpenCore, ètò tí wọ́n fi ń gbé macOS dìde lórí irú ẹ̀rọ yìí, bá gbé dìde ló ń fi tábìlì rẹ̀ fún, Windows náà kò yọ sílẹ̀.

SSDT pàápàá kò ṣeé kó bẹ́ẹ̀. Bọ́ọ̀dù mìíràn kò ní STAS rárá. Bẹ́ẹ̀ ni SSDT-EC ti kọ̀ǹpútà orí tábìlì ń pa EC gidi. Gbé e sí láptọ́ọ̀pù, bátìrì àti kíbọ́ọ̀dù lè dákẹ́.

Àwọn tó ń bẹ̀rù pé BIOS á bàjẹ́, ẹ fọkàn balẹ̀: inú RAM ni àtúnṣe yìí ń wáyé. Yọ fáìlì náà, tún kọ̀ǹpútà tàn, ó ti lọ.

Láti rí tìrẹ, tan Linux, kó DSDT láti /sys/firmware/acpi/tables, kí o fi àṣẹ iasl -d tú u sí ohun tí èèyàn lè kà. Ṣáà rí i pé OpenCore kọ́ ló gbé Linux náà dìde, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, DSDT tí àtúnṣe ti wọ̀ lo máa kó.