Bí wọ́n ṣe ń ta fọ́níṣọ̀ àtijọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì

Ẹni tó bá ní àga tàbí kọ́bọ́ọ̀dù àtijọ́ tó fẹ́ tà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì, nǹkan tó sábà máa ń ṣe ni pé á fi pọ́líìṣì kùn ún kó máa dán, á ya fọ́tò kan láti iwájú, á kọ "àga tó dáa, kò wọ́n" sábẹ́ ẹ̀, á wá jókòó máa retí ìpè. Ìpè yẹn kì í tètè wá, tó bá sì wá, ẹni tó fẹ́ rà á lówó pọ́ọ́kú ni. Kì í ṣe pé àga yẹn ò dáa o, ìpolówó ẹ̀ ni ò sọ nǹkan kan fún ẹni tó mọ ọjà.

Àwọn tó máa sanwó gidi ti mọ nǹkan tí wọ́n ń wá kí wọ́n tó gbé fóònù, wọ́n á tẹ irú igi ẹ̀ síbi tí wọ́n ti ń wá ọjà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tíìkì àbí mahógánì, wọ́n á tẹ ilé iṣẹ́ tó ṣe é àti sáà tí wọ́n ṣe é. Ọ̀rọ̀ tó bá wà nínú àkọlé àti àlàyé ló máa gbé ìpolówó yẹn jáde fún wọn, tó bá jẹ́ "àga" nìkan lo kọ, ó ti sọnù sáàárín ẹgbẹẹgbẹ̀rún àga nìyẹn. Nǹkan kan náà sì lè ní orúkọ mẹ́ta tí onírúurú èèyàn ń pè é, kọ gbogbo wọn síbẹ̀.

Àmọ́ èyí tó bá jẹ́ òótọ́ nìkan o. Àga ìrọ̀gbọ̀kú tí tọkọtaya Charles àti Ray Eames ṣe fún ilé iṣẹ́ Herman Miller, 1956 ló jáde, ayédèrú ẹ̀ sì kún ìta bámúbámú. Ti ilé iṣẹ́ Thonet náà ńkọ́, àga No. 14 tí wọ́n fi igi títẹ̀ ṣe ní 1859? Nígbà tí ẹ̀tọ́ tí wọ́n ní lórí ọgbọ́n tí wọ́n fi ń tẹ igi yẹn parí ní 1869, àwọn ilé iṣẹ́ mí-ìn náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe irú ẹ̀. Torí náà tí ẹni tó ń tà bá kọ orúkọ ńlá síbẹ̀ láìsí ẹ̀rí, ńṣe ni àwọn tó mọ̀ ọ́n máa rẹ́rìn-ín kọjá. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí náà nìyẹn: ìkànnì ìtajà Etsy ò gbà kí wọ́n pe nǹkan ní vintage, ìyẹn ohun tó ti pẹ́ díẹ̀, tí ò bá tíì pé 20 ọdún, antique, ìyẹn ohun àtijọ́ gidi, ní tiẹ̀, 100 ọdún ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe ààlà.

Ibo wá ni ẹ̀rí wà? Abẹ́, ẹ̀yìn, àti inú dúrọ́ọ̀, àwọn ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í yà rárá. Dojú àga délẹ̀ kó o wá òǹtẹ̀ tàbí lébẹ́ẹ̀lì ilé iṣẹ́. Fa dúrọ́ọ̀ jáde, wo igun ẹ̀ níbi tí pákó méjì ti wọnú ara wọn bí ìka ọwọ́ méjì tó há mọ́ra, tí àwọn "ìka" yẹn ò bá dọ́gba, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ọwọ́ káfíńtà ló gé e, tí gbogbo ẹ̀ bá rí bákan náà, ẹ̀rọ ni. Wo sikúrúù náà. Èyí tí ojú ẹ̀ rí bí àgbélébùú, láti nǹkan bí 1936 síwájú ló bẹ̀rẹ̀ sí í gbajúmọ̀, tó bá wà lára kọ́bọ́ọ̀dù tí wọ́n ní ó ti wà láti 1890, á jẹ́ pé ẹnì kan ti tún un ṣe tàbí ọjọ́ orí yẹn ò rí bẹ́ẹ̀. Ya gbogbo ẹ̀ sí fọ́tò.

Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé lọ́sàn-án ni kó o ti yà á, má tan fílááṣì torí á kàn máa kọ mànà lára fánìṣì ni. Ibi tó ti họ, ibi tó ti sán, sún mọ́ ọn kó o yà á, fi rúlà sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀. Tí ihò kéékèèké bíi 1 sí 2 mm bá wà lára igi ẹ̀, kòkòrò ti jẹ ẹ́ rí nìyẹn, tí lẹ́búlẹ́bú tuntun bá sì ń dà sílẹ̀ lábẹ́ ẹ̀, ó ṣeé ṣe kó ṣì wà níbẹ̀, má gbé e wọlé ẹlòmíì láìsọ. Wọn gíga, fífẹ̀ àti jíjìn ẹ̀ pẹ̀lú, torí ẹni tó bá dé tí kọ́bọ́ọ̀dù ò gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀, owó ẹ̀ ló máa gbà padà. Ti pọ́líìṣì tá a sọ lẹ́ẹ̀kan yẹn, eruku ni kó o nù, má ha ojú igi àtijọ́ kúrò, àwọn tó ń kó nǹkan àtijọ́ jọ fẹ́ràn ojú tó ti gbó yẹn.

Iye owó ńkọ́? Iye tí àwọn mí-ìn kọ síbẹ̀ kọ́ ni iye tí wọ́n tà á, ìkànnì ìtajà eBay ní ibi téèyàn ti lè wo àwọn tó ti tà gan-an. Fi díẹ̀ lé e fún nájà. Kó o sì mọ̀ pé owó àwọn kọ́bọ́ọ̀dù ńláńlá aláwọ̀ dúdú ti já wálẹ̀ gan-an láti ọdún pípẹ́, bó ti wù kí iṣẹ́ ara wọn dáa tó, àwọn tí wọ́n ṣe ní bíi 1950 sí 1970 tí ò gba àyè ló ń tètè lọ. Tí ò bá sẹ́ni tó ń ṣí ìpolówó ẹ, àkọlé tàbí fọ́tò àkọ́kọ́ ni kó o tún ṣe, tí wọ́n bá ń ṣí i tí wọn ò kọ nǹkan kan, owó ẹ̀ ni. Tí mẹ́sééjì bá ya dé láàárín wákàtí kan, owó ẹ̀ ti kéré jù nìyẹn, o ti gbé e sílẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ìpolówó a sì máa rì sísàlẹ̀ bí tuntun ṣe ń wọlé, ìkànnì ìpolówó Craigslist máa ń jẹ́ kéèyàn tún ti ẹ̀ gbé sókè lẹ́yìn wákàtí 48.

Ẹni tí ò nájà, tí ò fẹ́ wá wò ó, tó wá fi sọwédowó tó ju iye ẹ̀ lọ ránṣẹ́ pé kó o fi ìyókù fún "ẹni tó máa bá mi kó o", gbájúẹ̀ ni, sọwédowó yẹn á padà já lẹ́yìn tówó ẹ ti lọ. Èyí tó ní kó o ka nọ́ńbà tó wọlé sórí fóònù ẹ fún òun kóun lè mọ̀ pé èèyàn gidi ni ẹ́, nọ́ńbà fóònù ẹ ló fẹ́ fi ṣí àkáǹtì. Ẹni tó bá ní kó o bá òun tọ́jú ẹ̀ di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, kó sanwó ìdádúró díẹ̀, tí ò bá san án, ẹni tó kọ́kọ́ gbé owó dé ló ni ín.